Ìrìn-àjò afẹ́ pẹ̀lú amọ̀nà sí àwọn ibi àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà

Ìrìn-àjò afẹ́ pẹ̀lú amọ̀nà sí àwọn ibi àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà jẹ́ ètò ìbẹ̀wò nínú èyí tí ẹni tó mọ ìtàn, tó sì ní ìwé àṣẹ ìjọba, máa ń mú àlejò kiri àwọn ààfin, odi, tẹ́ḿpìlì, ibojì ọba àti ihò àpáta tí àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ fún àlejò tó ń ti òkèèrè bọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Beijing, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, a sì gba Xi'an kọjá. Àwọn mìíràn a tẹ̀ síwájú dé Dunhuang ní etí aṣálẹ̀ Gobi. Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí àti agbègbè wọn ni Ìlú Èèwọ̀, Tẹ́ḿpìlì Ọ̀run, Odi Ńlá, Ibojì Àwọn Ọba Ming, Ọmọ Ogun Amọ̀ àti Ihò Mogao wà. Gbogbo wọn ló wà nínú àkọsílẹ̀ Ogún Àgbáyé ti àjọ UNESCO.

Ìrìn-àjò yìí ń mú owó wọlé, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní ìtàn, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé fojú fò dá. Èémí àlejò ń ba àwòrán ara ògiri jẹ́, ẹsẹ̀ àlejò ń jẹ òkúta, afẹ́fẹ́ tó sì wọ inú ibojì tí a ṣí lè ba aṣọ tó ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún jẹ́ láàrin ìgbà díẹ̀. Nítorí èyí, iye ènìyàn tó yẹ kó wọlé lójúmọ́, ohun tó yẹ kí a hú jáde àti ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ti di apá pàtàkì nínú ètò ìbẹ̀wò náà.

## Ìtàn

Ọ̀pọ̀ nínú ibi tí àlejò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lónìí kì í ṣe ibi tí ará ìlú lásán lè dé láyé àtijọ́. Ìlú Èèwọ̀ gba orúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láìgba àṣẹ ọba. Ìjọba àwọn ọba parí ní ọdún 1912 nígbà tí Puyi, ọba ìkẹyìn nínú ìdílé ọba Qing, fi orí oyè sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó máa gbé apá ẹ̀yìn ààfin títí di ọdún 1924, tí wọ́n lé e jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1925 ni wọ́n ṣí ààfin náà fún gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Ènìyàn ilẹ̀ Ṣáínà sílẹ̀ ní ọdún 1949, àlejò díẹ̀ ni ìjọba ń gbà láti òkèèrè, àwọn aṣojú ìjọba sì ni ó máa ń tọ́ wọn sọ́nà. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tún apá Badaling lára Odi Ńlá ṣe tí wọ́n sì ṣí i fún ìbẹ̀wò. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1972, Richard Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gun odi náà ní Badaling, àwòrán rẹ̀ lórí odi sì kárí ayé. Lẹ́yìn àtúntò ètò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978 lábẹ́ Deng Xiaoping, ilẹ̀kùn ṣí fún àlejò púpọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọmọ Ogun Amọ̀ nítòsí Xi'an.

Láti ọdún 1999 ni ìjọba ti ya ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà sọ́tọ̀ fún ìsinmi gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀sẹ̀ Wúrà. Láti ìgbà náà, àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ni ó pọ̀ jù lọ nínú èrò tó ń wo àwọn ibi àtijọ́ wọ̀nyí, iye wọn sì ju ti àwọn àlejò òkèèrè lọ fíìfíì.

## Amọ̀nà àti iṣẹ́ rẹ̀

Ní Ṣáínà, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ amọ̀nà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìjọba kí ó tó gba káàdì ìwé àṣẹ. Lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń gbé àsíá kékeré sókè lórí ọ̀pá kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e má baà sọnù láàrin èrò, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí ohùn rẹ̀ ń dé etí àlejò kọ̀ọ̀kan. Àwọn amọ̀nà kan ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn ń sọ Faransé, Sípéènì, Lárúbáwá, Rọ́ṣíà tàbí Japaníìsì. Iṣẹ́ wọn kọjá fífi ọ̀nà hàn: àwọn ni ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣètò oúnjẹ àti ọkọ̀, tó sì ń ṣe ògbufọ̀ láàrin àlejò àti onílé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó dá wọ ààfin ní Beijing yóò rí òrùlé, yóò rí òpó, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé àwọ̀ òrùlé àti iye àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n tò sí etí rẹ̀ ń sọ bí ipò ilé náà ti ga tó. Ìyẹn ni amọ̀nà wà fún.

Iṣẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ta ìrìn-àjò ní owó pọ́ọ́kú tí kò tó iye tí ìrìn-àjò náà ná wọn, wọn a sì wá èrè wọn nípa kíkó àwọn àlejò lọ sí ilé ìtajà tíì, ṣẹ́dà tàbí òkúta olówó iyebíye, níbi tí amọ̀nà ti ń gba owó lórí ohunkóhun tí wọ́n bá rà. Àlejò a lo wákàtí kan ní ibi ìtàn, a sì lo méjì ní ilé ìtajà. Òfin Ìrìn-àjò Afẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013 ka àṣà yìí léèwọ̀: ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó tí kò bọ́gbọ́n mu fa àlejò, kò sì gbọdọ̀ fi tipátipá mú un lọ ra ọjà.

## Beijing

### Ìlú Èèwọ̀

Ìlú Èèwọ̀, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Gugong, ni ààfin àwọn ọba ìdílé Ming àti Qing. Yongle, ọba kẹta nínú ìdílé Ming, ni ó gbé olú-ìlú kúrò ní Nanjing wá sí Beijing. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin náà ní ọdún 1406, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1420. Ọba 24 ni ó gbé ibẹ̀: 14 láti ìdílé Ming, 10 láti ìdílé Qing. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 72, ògiri tó ga tó mítà 10 yí i ká, lẹ́yìn ògiri náà ni yàrà olómi tó fẹ̀ tó mítà 52.

Ẹnubodè Wumen ní apá gúúsù ni àlejò ń gbà wọlé, a sì máa rìn tààrà sí àríwá. Lẹ́yìn àgbàlá àkọ́kọ́ ni àwọn gbọ̀ngàn ńlá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sórí pèpéle òkúta funfun onípele mẹ́ta. Taihedian ni ó tóbi jù nínú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọba jẹ, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ ọdún tuntun. Iná ti jó gbọ̀ngàn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ti òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Iná ni ọ̀tá tí àwọn ará ààfin bẹ̀rù jù nítorí pé igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé àwọn ìkòkò irin àti idẹ ràgàjì sí àgbàlá tí wọ́n ń pọn omi kún. Nígbà òtútù, wọn a dáná sábẹ́ wọn kí omi má baà di yìnyín.

Àwọ̀ ìyeyè ni òrùlé ààfin nítorí pé ti ọba ni àwọ̀ náà. Lórí etí òrùlé Taihedian, ẹranko kéékèèké mẹ́wàá ni ó tò tẹ̀ léra wọn, kò sì sí ilé mìíràn tó ní iye bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀yìn àwọn gbọ̀ngàn mẹ́ta yìí ni ibùgbé ọba, àwọn ayaba àti àwọn ìwẹ̀fà wà, títí dé ọgbà ọba ní apá àríwá.

Àwọn àlejò máa ń béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ yàrá fi dà bí èyí tó ṣófo. Ní ọdún 1933, nígbà tí ogun Japan ń sún mọ́ Beijing, wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin sínú àpótí tó lé ní 13,000, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn lọ sí gúúsù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó àwọn àpótí yìí kiri inú ogun. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń parí lọ ní ọdún 1948 sí 1949, apá kan nínú wọn bá ìjọba Chiang Kai-shek dé Taiwan, wọ́n sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Taipei títí di òní. Báyìí ni ogún ààfin kan ṣe pín sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì tí òkun wà láàrin wọn.

Ẹnubodè Shenwumen ní àríwá ni àlejò ń gbà jáde. Òkè Jingshan wà ní iwájú rẹ̀ gan-an. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà ni wọ́n fi mọ òkè náà. Níbẹ̀ ni Chongzhen, ọba ìkẹyìn nínú ìdílé Ming, pokùnso sí ní ọdún 1644 nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú. Láti orí òkè yìí ni a ti lè rí gbogbo òrùlé ààfin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

### Tẹ́ḿpìlì Ọ̀run

Ọdún 1420 náà ni wọ́n parí Tẹ́ḿpìlì Ọ̀run ní apá gúúsù ìlú. Ibẹ̀ ni ọba ti máa ń rúbọ sí Ọ̀run lórúkọ gbogbo ará ìlú, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọmọ Ọ̀run ni ọba jẹ́, òun nìkan sì ni ó lè bá Ọ̀run sọ̀rọ̀ lórí òjò àti ìkórè. Bí òjò bá kọ̀ tí ìyàn sì mú, ọba ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilé tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni gbọ̀ngàn roboto tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìkórè rere. Ó ga tó mítà 38, òrùlé rẹ̀ onípele mẹ́ta sì ní àwọ̀ búlúù bí ojú ọ̀run. Òpó igi 28 ló gbé e dúró: mẹ́rin tó wà ní àárín dúró fún ìgbà mẹ́rin inú ọdún, 12 tó tẹ̀ lé wọn dúró fún oṣù 12, 12 tó wà níta sì dúró fún ìpín 12 tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ pín ọjọ́ kan sí. Mànàmáná dáná sun gbọ̀ngàn yìí ní ọdún 1889, wọ́n sì tún un kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀, àwọn àgbàlagbà ìlú Beijing máa ń kóra jọ sínú ọgbà tó yí tẹ́ḿpìlì náà ká, wọn a máa ṣe eré ìdárayá, wọn a máa kọrin, wọn a sì máa ta káàdì.

### Odi Ńlá

Odi Ńlá kì í ṣe odi kan ṣoṣo. Àpapọ̀ odi, yàrà àti ilé ìṣọ́ tí àwọn ìdílé ọba oríṣiríṣi mọ ní ìgbà oríṣiríṣi ni. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, wọ́n gùn tó kìlómítà 21,196. Èyí tí ìdílé Ming mọ gùn tó kìlómítà 8,850; nínú èyí, odi gidi jẹ́ nǹkan bíi 6,259, ìyókù sì jẹ́ yàrà, òkè àti odò tí wọ́n lò bí odi. Apá ti Ming yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rí.

Badaling ni ibi tí èrò pọ̀ sí jù nítorí pé ó sún mọ́ Beijing, ọ̀nà ibẹ̀ sì dára. Àwọn amọ̀nà mìíràn yàn láti mú àlejò wọn lọ sí Mutianyu, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 70 sí àárín Beijing, nítorí pé ibẹ̀ parọ́rọ́ jù. Ní ibi méjèèjì, wọ́n ti tún odi ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ bíríkì tí àlejò ń tẹ̀ fi jẹ́ ti òde òní. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ìyàtọ̀ náà han àwọn tó ń tẹ̀ lé e. A sì tún máa ṣàlàyé pé nígbà ayé Ming, àwọn ọ̀mọ̀lé máa ń po omi ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ẹfun láti fi so bíríkì pọ̀, èyí sì wà lára ohun tó mú kí odi náà lágbára. Èéfín ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń ránṣẹ́ láti ilé ìṣọ́ dé ilé ìṣọ́ ní ọ̀sán, wọn a sì lo iná ní òru.

Lẹ́yìn àwọn ibi tí wọ́n tún ṣe yìí, ọ̀pọ̀ kìlómítà wà tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá odi Ming ni ó ti pòórá. Òjò àti afẹ́fẹ́ jẹ́ apá kan, igi ta gbòǹgbò sínú apá kan, àwọn ará abúlé sì ti kó bíríkì rẹ̀ fi kọ́ ilé àti ọgbà ẹran. Láti oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2006 ni ìlànà ìjọba ti ka kíkó bíríkì tàbí iyẹ̀pẹ̀ lára odi náà sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, àwọn méjì kan ní ìpínlẹ̀ Shanxi fi ẹ̀rọ awalẹ̀ da apá kan nínú rẹ̀ wó kí wọ́n lè rí ọ̀nà àbùjá sí ibi iṣẹ́ wọn, ọlọ́pàá sì mú wọn.

### Ibojì Àwọn Ọba Ming

Mẹ́tàlá nínú àwọn ọba Ming mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sin sí àfonífojì kan ní àríwá Beijing. Àwọn ère òkúta ẹranko 24 àti ti ènìyàn 12 tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ibojì kan ṣoṣo ni wọ́n ti hú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, ìyẹn Dingling, ibojì ọba Wanli, tó jọba láti ọdún 1572 sí 1620. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ayaba méjì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hú Dingling ní ọdún 1956, wọ́n sì dé inú iyàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 1957. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 3,000, lára wọn ni adé, ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ ṣẹ́dà. Àwọn awalẹ̀pìtàn nígbà náà kò ní ọgbọ́n àti irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi tọ́jú aṣọ tó ti wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní 300 ọdún. Bí afẹ́fẹ́ ti kàn án, aṣọ náà ṣì àwọ̀, ó gbó, ó sì ń já. Ní ọdún 1966, nígbà Ìyípadà Àṣà, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀ṣọ́ Pupa wọ́ egungun ọba àti ti àwọn ayaba rẹ̀ síta, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn àpótí òkú pupa tí àlejò ń rí níbẹ̀ lónìí jẹ́ àfarawé. Láti ìgbà Dingling ni ìjọba ti kọ̀ láti hú ibojì ọba mìíràn tí kò bá jẹ́ pé ewu ń wu ú.

## Xi'an

Xi'an wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Beijing, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá sì ń gbé àlejò débẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan. Lórúkọ rẹ̀ àtijọ́, Chang'an, ni ó fi jẹ́ olú-ìlú fún ọ̀pọ̀ ìdílé ọba, títí kan Han àti Tang, ibẹ̀ sì ni Ọ̀nà Ṣẹ́dà ti ń bẹ̀rẹ̀.

### Ọmọ Ogun Amọ̀

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1974, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga nítorí ọ̀dá ní Lintong, ní ìlà-oòrùn Xi'an, bá orí ère amọ̀ kan pàdé nínú ilẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ nípa ọmọ ogun tí Qin Shi Huang mú wọ inú ilẹ̀. Òun ni ó so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ di ọ̀kan ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì kú ní ọdún 210. Àwọn onímọ̀ gbà pé ère ọmọ ogun inú kòtò mẹ́ta náà lé ní 8,000, pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀.

Kòtò àkọ́kọ́ ni ó tóbi jù. Ó gùn tó mítà 230, ó sì fẹ̀ tó mítà 62. Àlejò a dúró sí òkè, a sì máa wo àwọn ère náà nísàlẹ̀ bí wọ́n ti tò bí ẹni tó ń dúró de àṣẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ bí amọ̀nà kò bá sọ ọ́ ni pé ère tó dúró ṣánṣán yẹn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n rí i, àwọn atúnǹkanṣe ló fi sùúrù to àfọ́kù wọn pọ̀. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹ̀yà ara kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ parí ojú, irun àti irùngbọ̀n, ìdí nìyí tí ìrísí wọn fi yàtọ̀ síra.

Àwọn ère náà kì í ṣe aláwọ̀ eérú látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti elésè-àlùkò kùn wọ́n lórí oje igi. Nígbà tí wọ́n hú wọn síta, oje náà gbẹ nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ náà, ó ká kò, ó sì ṣí kúrò pẹ̀lú ọ̀dà láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà láti máa fi oògùn àti ọ̀rinrin dá àwọ̀ náà dúró, wọ́n sì dín ìyára híhú kù.

### Odi ìlú, Ilé Ìṣọ́ Pẹ́pẹ́yẹ Igbó àti Mọ́sálásí Ńlá

Odi ìlú Xi'an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ ní ọdún 1370 ṣì yí àárín ìlú ká. Ó ga tó mítà 12, àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13.7, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi ń háyà kẹ̀kẹ́ láti gùn ún yí ìlú po. Ní gúúsù odi náà ni ilé ìṣọ́ alágbèékà tí wọ́n sọ lórúkọ pẹ́pẹ́yẹ igbó wà. Wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 652 láti tọ́jú ìwé ẹ̀sìn Búdà tí mọ́ńkì Xuanzang kó bọ̀ láti Íńdíà ní ọdún 645 lẹ́yìn ìrìn-àjò ọdún púpọ̀. Ó ní àjà méje, ó sì ga tó mítà 64. Ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí Hui ni Mọ́sálásí Ńlá wà. Inú ìgbà Tang ni wọ́n ti ń ka ìpilẹ̀ rẹ̀, àwọn ilé tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti Ming àti Qing. Òrùlé rẹ̀ àti àgbàlá rẹ̀ jọ ti tẹ́ḿpìlì Ṣáínà, ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni gbọ̀ngàn ìkírun kọjú sí.

## Dunhuang

Ihò Mogao wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí ìlú Dunhuang, lójú Ọ̀nà Ṣẹ́dà. Ìtàn sọ pé mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Yuezun ni ó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ ní ọdún 366. Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mọ́ńkì, oníṣòwò àti àwọn ìjòyè ń gbẹ́ ihò kún ihò. Ihò 735 ni ó wà níbẹ̀, 492 nínú wọn ní àwòrán ara ògiri tàbí ère. Bí a bá tẹ́ gbogbo àwòrán náà sílẹ̀, wọn yóò gba nǹkan bíi mítà 45,000 níbùú lóròó.

Ní ọdún 1900, Wang Yuanlu, mọ́ńkì ẹ̀sìn Tao tó ń tọ́jú ibẹ̀, rí yàrá kékeré kan tí wọ́n ti dí pa, tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àtijọ́. Aurel Stein dé ní ọdún 1907, Paul Pelliot ọmọ ilẹ̀ Faransé sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1908. Owó díẹ̀ ni wọ́n san fún Wang, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Parisi. Lára wọn ni Diamond Sutra, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 868, tó wà ní British Library. Òun ni ìwé títẹ̀ tó dàgbà jù lọ tí a kọ ọjọ́ sí lára. Bí àwọn amọ̀nà Dunhuang bá dé ẹnu yàrá yìí, ohun tó ṣófo ni wọ́n ń fi hàn.

Inú ihò kéré, èémí àlejò sì ń fi ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ọ̀rinrin yìí ń ru iyọ̀ inú àpáta sókè, iyọ̀ náà a sì máa ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Fan Jinshi, obìnrin awalẹ̀pìtàn tó darí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Dunhuang láti ọdún 1998, wà lára àwọn tó gbìyànjú jù láti wá ojútùú. Láti ọdún 2014, àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí gbọ̀ngàn ìgbàlejò kan tó jìnnà sí àpáta, níbi tí yóò ti wo fíìmù nípa ìtàn ibẹ̀ àti àwòrán inú ihò lórí ojú òrùlé roboto. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì yóò gbé e dé ibi ihò, amọ̀nà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ihò kọ̀ọ̀kan, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, yóò sì tì í padà. Tíkẹ́ẹ̀tì kíkún kò ju 6,000 lọ lójúmọ́, ihò mẹ́jọ péré ni ó sì wà fún. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ya fọ́tò nínú ihò.

## Ìtàn àti àròsọ

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí amọ̀nà máa ń sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní a lè fi ojú lásán rí Odi Ńlá láti orí òṣùpá. Kò ṣeé ṣe, nítorí pé odi náà gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Yang Liwei, ọmọ Ṣáínà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ rán lọ sí òfúrufú, padà ní ọdún 2003, ó sì ní òun kò rí i. Wọ́n tún máa ń ní yàrá 9,999 àti ààbọ̀ ni ó wà ní Ìlú Èèwọ̀, kí ó má baà tó 10,000 tó jẹ́ ti Ọba Ọ̀run. Iye tí wọ́n kà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Meng Jiangnü yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Obìnrin yìí lọ wá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n mú lọ mọ odi, ó bá a ní òkú, ó sì sunkún títí apá kan odi náà fi wó. Àlọ́ ni, kì í ṣe ìtàn tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rántí ohun tí ìwé àwọn ọba kò fẹ́ sọ: pé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sọnù nínú iṣẹ́ tipátipá.

## Èrò àti ètò ìbẹ̀wò

Ní ọdún 2015 ni Ìlú Èèwọ̀ fi òté lé e pé àlejò kò gbọdọ̀ ju 80,000 lọ lójúmọ́, nítorí pé iye wọn ti máa ń kọjá 100,000 ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ní ọdún 2019, Badaling náà fi 65,000 ṣe òpin. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìlú Èèwọ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀wò, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà. Ààfin náà máa ń wà ní títì ní ọjọ́ Ajé, àyàfi bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún àti ìparí oṣù Ọ̀wàrà ni ojú ọjọ́ máa ń tura jù ní Beijing àti Xi'an, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ máa ń yẹra fún Ọ̀sẹ̀ Wúrà.

## Ibojì tí a kò tíì ṣí

Ní nǹkan bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí kòtò Ọmọ Ogun Amọ̀ ni òkìtì tí wọ́n sin Qin Shi Huang sí abẹ́ rẹ̀ wà. Sima Qian, òpìtàn tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ọba náà, sọ pé 700,000 ènìyàn ni wọ́n kó síṣẹ́ níbẹ̀, pé wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe odò àti òkun sínú ibojì náà, tí wọ́n sì dẹ ọfà sí i fún olè. Ìwádìí lórí iyẹ̀pẹ̀ òkìtì náà fi hàn pé mẹ́kúrì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ tó yí i ká lọ.

Kò tíì sí ẹni tó ṣí i. Mẹ́kúrì jẹ́ májèlé, ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ ọba Wanli ní Dingling àti sí ọ̀dà ara àwọn ọmọ ogun náà. Ìpinnu àwọn aláṣẹ ni pé kí ibojì náà wà bí ó ti wà títí ìmọ̀ ìtọ́jú yóò fi tó o ṣí. Nítorí náà, bí amọ̀nà bá mú àlejò dé ibẹ̀, òkè kan tí koríko àti igi bò ni yóò fi hàn wọ́n, yóò sì sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wọn.